Bí Àkeekèé Ojú Ọ̀run Ṣe Pàdánù Ọwọ́ Rẹ̀

Nínú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ méjìlá tó wà lójú ọ̀nà oòrùn, díẹ̀ ló jọ orúkọ tí wọ́n ń jẹ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní Àgbò kò jọ àgbò rárá. Àmọ́ ti Àkeekèé hàn ketekete. Bí òjò bá gbà fún wa lálẹ́ oṣù Keje, ẹ kọjú sí gúúsù: ẹ ó rí ìràwọ̀ pupa kan láyà rẹ̀ àti ìrù tó tẹ̀ sókè, tí ìràwọ̀ méjì sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí níbi tí oró wà. Ìwọ̀ ẹja ni àwọn ará Hawaii fi ìrù yẹn pè, wọn ò sì jayò pa.

Ilẹ̀ tó di Ìráàkì lónìí ni Àkeekèé ti ṣẹ̀ wá. GIR.TAB ni orúkọ rẹ̀ nínú MUL.APIN, ìwé ìràwọ̀ tí àwọn ará Bábílónì kọ sórí wàláà amọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1000 ṣáájú ìbí Jésù. Ibẹ̀ náà ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀: wọ́n pe àwọn ìràwọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ ní Òṣùwọ̀n, wọ́n sì tún pè wọ́n ní ìwo Àkeekèé.

Àwọn Gíríìkì gba àkeekèé, wọ́n fi òṣùwọ̀n sílẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ ẹranko náà ni àwọn ìràwọ̀ yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni Ptolemy, onímọ̀ ìràwọ̀, ṣì kọ ọ́ ní nǹkan bí ọdún 150 lẹ́yìn ìbí Jésù. Wọ́n tún ní Orion, ọdẹ kan, fọ́nnu pé kò sí ẹranko tí òun ò lè pa, ni Ilẹ̀ bá rán àkeekèé sí i. Ìdí nìyẹn tí Orion, tí òun náà di ìṣùpọ̀ ìràwọ̀, fi ń wọ̀ ní ìwọ̀ oòrùn bí Àkeekèé bá ti ń yọ ní ìlà oòrùn. Àwọn ará Ṣáínà náà rí i pé àwọn ìràwọ̀ ibi méjèèjì kì í pàdé, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá méjì tó ń jà ni wọ́n kà wọ́n sí, tí ọba là, tó sì yà nípa. Lójú tiwọn, ìràwọ̀ pupa yẹn, ọkàn dírágónì ni.

Àwọn ará Róòmù ló dá Òṣùwọ̀n padà. Akéwì wọn, Virgil, tilẹ̀ sọ fún Augustus, aláṣẹ Róòmù, pé Àkeekèé ti ń ká ọwọ́ kò kí àyè lè gba Augustus fúnra rẹ̀ lọ́run. Ẹ ò rí ìpọ́nni!

Síbẹ̀, orúkọ Lárúbáwá tí ìràwọ̀ méjì inú Òṣùwọ̀n ń jẹ́, Zubenelgenubi àti Zubeneschamali, ọwọ́ gúúsù àti ọwọ́ àríwá ti àkeekèé ni. Ní ọdún 2016, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé fọwọ́ sí orúkọ méjèèjì bẹ́ẹ̀.