Bí lẹ́tà méjì, "yo", ṣe dé orí ojú-ewé wẹ́ẹ̀bù

Lẹ́tà méjì yìí, yo, ni àmì tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé Yorùbá ni a fi kọ ojú-ewé kan. Oṣù Kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, tí Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ sì bọ́ sínú rẹ̀. Inú oṣù yẹn kan náà ni Tim Berners-Lee, tó ń ṣiṣẹ́ ní CERN, ibùdó ìwádìí sáyẹ́ǹsì ní ilẹ̀ Yúróòpù, kéde wẹ́ẹ̀bù fún gbogbo ayé. Títí dé HTML 2.0 ti ọdún 1995 (HTML ni àwọn àmì tí a fi ń kọ ojú-ewé wẹ́ẹ̀bù), kò sí àmì kan nínú HTML tí wọ́n dá sílẹ̀ kí ẹni tó ń ṣe ojú-ewé lè fi sọ èdè tí òun fi kọ ọ́. Ẹni tó ríran kò ní ìṣòro, nítorí bó bá ti fojú kàn án ló ti mọ̀ bóyá Yorùbá ni tàbí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí kò ríran, tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló ń kàwé sí i létí, ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ẹ̀rọ akàwé yìí, tí wọ́n ń pè ní screen reader, ti wà ṣáájú wẹ́ẹ̀bù, ṣùgbọ́n ohùn èdè tí wọ́n bá gbé sí i lẹ́nu ló fi ń ka ohunkóhun tó bá rí.

Kì í ṣe nítorí afọ́jú ni wọ́n ṣe dá àmì èdè sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ èdè àti àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ ni àjọ ISO, tó ń ṣe ìlànà fún gbogbo ayé, ní lọ́kàn nígbà tó tẹ àkójọ lẹ́tà méjì-méjì jáde ní 1988, tí yo sì jẹ́ ti Yorùbá. Ní 1995, ìlànà tí Harald Alvestrand kọ mú wọn wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Ní December 1997, lang, ibi tí a ń kọ àmì èdè sí, wọ HTML 4.0. Nínú ohun tí ìlànà náà ní lang wúlò fún, ẹ̀rọ ìṣàwárí ló kọ́kọ́ dárúkọ, kó tó wá kan ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀.

Ibi tó yà mí lẹ́nu jù ni ohun tí àjọ W3C, tó ń ṣe ìlànà wẹ́ẹ̀bù, ṣe lẹ́yìn náà. Nínú WCAG 1.0 ti 1999, ìlànà rẹ̀ lórí bí àwọn aláàbọ̀ ara ṣe lè lo wẹ́ẹ̀bù, dandan ni kí a fi àmì sí ibi tí èdè ti yí padà láàárín ìwé, ṣùgbọ́n èdè gbogbo ojú-ewé wà ní ìpele kẹta, ìyẹn ohun tí ẹni tó bá fẹ́ lè ṣe. Ọdún 2008 ni WCAG 2.0 yí i po: èdè ojú-ewé bọ́ sí ìpele A, tó jẹ́ ìpele ìpìlẹ̀, ti inú gbólóhùn sì dúró sí AA, tó tẹ̀ lé e. Ní tèmi, ètò kejì ló tọ́, nítorí bí ìpìlẹ̀ bá ti wọ́, gbogbo ìyókù ló wọ́.

Ẹ wo ìkíni tí wọ́n fi ń pe àwọn ará Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ ní Kogí, Okun. Okun ni agbára, okùn ni a fi ń so ewúrẹ́, òkun ni omi ńlá. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kò ríran ní Kabba, ní Kogí, bá ṣí ojú-ewé tí a kọ lang="en" sí, ohùn Gẹ̀ẹ́sì kò ka àmì ohùn sí; ìró kan náà ni yóò fi pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì lè fo lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́. Bí ó bá jẹ́ lang="yo", tí ohùn Yorùbá sì wà lórí kọ̀ǹpútà náà, ẹ̀rọ akàwé yóò mú ohùn náà fúnra rẹ̀. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tó bá wà láàárín ni a ó fi lang="en" tirẹ̀ yí ká. Ohun tó sábà ń fa àṣìṣe ni pé àwòṣe tí a ń ṣe ojú-ewé lé lórí ti ní en lórí láti ibi tó ti wá, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kò sì ní fura, nítorí pé lójú tirẹ̀ kò sí ohun tó yí padà.