Ẹ Kọ́kọ́ Gbóòórùn Ọkọ̀ Yín Kí Ẹ Tó Ra Bátìrì

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ̀ mẹ́ta ni wọ́n wọ́ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Adó-Èkìtì. Ẹjọ́ kan náà ni wọ́n rò: kò ṣáná. Bátìrì tuntun ló wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì sí èyí tí bátìrì ń ṣe nínú wọn. Mo bi wọ́n pé ta ló ní kí wọ́n ra á, wọ́n ní rìwáyà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Mo bi wọ́n bóyá rìwáyà gbé mítà lé bátìrì àtijọ́ kó tó dájọ́ ikú fún un, kálukú ń wolẹ̀.

Bátìrì tó kún, tó sì sinmi, á ka bíi 12.6 fóòtì (volt) lórí mítà. Bí ẹ bá ń ṣáná tí kò já sí ìsàlẹ̀ 9.6, ẹ fi bátìrì sílẹ̀ o. Ẹni tí kò ní mítà, kó lo etí. Ọkọ̀ tó ń dún "kẹ́, kẹ́" tí kò yí, àti èyí tó ń yí gan-an ṣùgbọ́n tí kò mú, àìsàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹ gbé ti àkọ́kọ́ lọ bá rìwáyà, kó wo orí bátìrì àti kíkísítátà, mọ́tò kékeré tó ń yí ẹ́ńjìnì tí ẹ bá ṣáná. Èyí tó ń yí tí kò mú, tèmi mẹkáníìkì nìyẹn. Nọ́sù ló ń tu epo sínú ẹ́ńjìnì, plọ́ọ̀gì ló ń ta iná sí i kó lè jó; ẹni tó ń wa mọ́tò yẹ kó ti mọ̀ ọ́n.

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè máa ń bí oníbàárà nínú: ìgbà wo ló máa ń kọ̀? "Ẹ̀ńjíníà, ẹ ṣáà bá mi tún un ṣe." Mi ò ní tún nǹkan kan ṣe títí ẹ ó fi dá mi lóhùn. Ọkọ̀ tó ń kọ̀ láàárọ̀ kùtù, tí kì í kọ̀ lọ́sàn-án, kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tó ń mú lẹ́ẹ̀kan ní òwúrọ̀ àmọ́ tó ń kọ̀ tí ẹ bá ti wà á dé ọjà, tí ẹ pa á fún bí ogún ìṣẹ́jú.

Tó bá jẹ́ ti àárọ̀, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ títí iná dáṣíbọ́ọ̀dù á fi tàn, ẹ má tíì ṣáná. Ẹ tẹ́tí sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Pọ́ǹpù epo á kùn fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì, á sì dákẹ́. Ẹ pa á, ẹ tún tan án, lẹ́ẹ̀mẹta. Bó bá mú lójú ẹsẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ó hàn pé agbára tó yẹ kó wà nínú páìpù ti rọ̀ mọ́jú. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ onínọ́sù, agbára yẹn á tó 40 sí 60 psi (òṣùwọ̀n agbára tí epo fi ń ti páìpù), ó sì yẹ kó dúró síbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá pa ọkọ̀. Bí kò bá dúró, yálà ẹnu pọ́ǹpù kò dí mọ́, epo ń sá padà sínú tánkì, tàbí ó ń kán síbì kan.

Ibì kan yìí gan-an ni mo ń bọ̀, torí àwọn èèyàn rò pé epo tó bá ń jò gbọ́dọ̀ kán sílẹ̀. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wo ilẹ̀, ilẹ̀ gbẹ, ó tán. Nọ́sù tí ẹnu rẹ̀ kò dí mọ́ á máa tọ epo sínú ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa á. Epo á wá pọ̀ ju atẹ́gùn lọ, ọkọ̀ gbígbóná á yí títí, kò ní mú. Bí ẹ bá tẹ tọ́tù, ibi tí ẹ ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré, mọ́lẹ̀ pátápátá tí ẹ sì ṣáná, tó wá mú pẹ̀lú èéfín dúdú, ẹ wá mi wá. Kí ẹ tó wá, ẹ fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì ẹ́ńjìnì yọ, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Tó bá ń rùn bí ilé epo, bẹntiróòlù ti ń dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì nìyẹn. Ọ́ìlì á ṣàn bí omi, kò ní lè dáàbò bo irin mọ́. Mo ti tú ẹ́ńjìnì tó kú báyìí, ó ju ẹyọ kan lọ.

Tíṣà kan láti Ìkéré, ọ̀rọ̀ tiwọn nìyí gan-an. Bátìrì méjì, kíkísítátà kan, lẹ́yìn náà wòlíì. Wòlíì ní àwọn ẹbí ọkọ wọn tó ti di olóògbé ló so ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀. Wọ́n fi ọjọ́ méje gbààwẹ̀ lórí ẹ́ńjìnì. Mo ní, "Màmá, kí ló dé tí àwọn ẹbí ọkọ yín kì í so ó mọ́lẹ̀ láàárọ̀?" Wọn ò dáhùn. Nọ́sù kejì ló ń tọ.

Ilẹ̀ òkè ni ilẹ̀ wa, ìyẹn náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ẹni tó kún tánkì dé ẹnu, tó wá gbé ọkọ̀ sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní Ẹ̀fọ̀n, lè rí epo nílẹ̀ kó sì má rí i mọ́ tó bá dé Adó. Rọ́bà tó yí ẹnu pọ́ǹpù ká lórí tánkì ló ti gan, epo kì í dé ibẹ̀ àfi tí tánkì bá kún tó sì dagun. Àwọn aláìmọ̀ṣẹ́ á ní kò sí nǹkan. Àwọn mìíràn á fi ọṣẹ ìfọṣọ dí i. Ọṣẹ ń dí tánkì lóòótọ́, torí bẹntiróòlù kì í yọ́ ọ. Òjò ló ń yọ́ ọ, ẹ ò sì mọ ibi tí òjò yóò ti bá yín.

Bí ọkọ̀ bá ń rùn bí bẹntiróòlù, ẹ má ṣáná mọ́. Ẹ ti í bọ́ sí gbangba. Ẹ má tú orí bátìrì, torí iná lè ta níbẹ̀. Oru bẹntiróòlù wúwo ju atẹ́gùn lọ, ilẹ̀ ló ń tọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ ìyá oníbọ̀ọ̀lì pé kí wọ́n kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n ṣì ń bínú.

Mo rí bí epo ṣe ń gbaná fúnra mi nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Peugeot 504 kan ni, rọ́bà epo rẹ̀ ti sán, kábúrétọ̀, ibi tí epo àti atẹ́gùn ti ń pò pọ̀ nínú ọkọ̀ àtijọ́, tutù rinrin. Ọ̀gá wa ti lọ ra nǹkan lọ́jà. Ẹnìkejì mi yọ wáyà plọ́ọ̀gì, ó gbé e sún mọ́ irin, ó ní kí n yí kọ́kọ́rọ́ kí òun wò bóyá iná ń jáde. Mo yí i. Iná jáde. Mi ò gbọ́ ariwo kankan, mo kàn rí i pé iwájú ọkọ̀ ti di búlúù, ó wá pupa. Ẹnìkejì mi fi ọwọ́ bojú sáré. Èmi òmùgọ̀, omi ni mo gbé. Epo léfòó sórí omi, iná bá omi wọ abẹ́ ọkọ̀ kejì. Ìyá arúgbó kan tó ń ta ata níwájú wa ló ń pariwo pé, "Yẹ̀pẹ̀! Ẹ da yẹ̀pẹ̀ sí i!" Ìyá tí kò wa mọ́tò rí. Yẹ̀pẹ̀ ló pa á. Ìpéǹpéjú mi òsì kò hù dáadáa mọ́ títí dòní, ẹnìkejì mi sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ọlọ́kọ̀ dé nírọ̀lẹ́, ó káwọ́ lérí, ó ní àwọn ọ̀tá òun nìyí, ayé ló ń bá òun jà. Ọ̀gá mi kò sọ̀rọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú àjókù rọ́bà náà tí kò gùn tó ìka, wọ́n sì fi lé e lọ́wọ́.