Ohun Tó Bí Ìrìn-àjò Ìdáǹdè Emin Pasha

Ní oṣù Kìíní ọdún 1885, Khartoum, olú ìlú Sudan, bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọlẹ́yìn Mahdi, aṣáájú ẹ̀sìn tó dìtẹ̀ sí ìjọba Íjíbítì tó ń ṣàkóso Sudan, wọ́n sì pa Gordon, ọ̀gágun Britain tó jẹ́ gómìnà níbẹ̀. Gómìnà Íjíbítì kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù ní gúúsù Sudan: Emin Pasha, dókítà ọmọ Jámánì tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Eduard Schnitzer. Gordon ló fi í jẹ gómìnà Equatoria, ìpínlẹ̀ gúúsù Sudan, ní 1878. Ó fà sẹ́yìn dé Wadelai, nítòsí adágún Albert. Nígbà tí lẹ́tà rẹ̀ tó fi ń béèrè ìrànwọ́ dé Yúróòpù ní 1886, ọ̀fọ̀ Gordon kò tíì tán nílẹ̀ Britain. William Mackinnon, olówó ọkọ̀ ojú omi ará Scotland, kó ìgbìmọ̀ jọ. Ìjọba Íjíbítì dá £10,000. Wọ́n fi Henry Morton Stanley, arìnrìn-àjò tó ti la Áfíríkà já, ṣe aṣáájú ìrìn-àjò tí yóò lọ dá Emin nídè.

Àánú wà nínú ìrìn-àjò náà, àmọ́ ọ̀nà tí wọ́n gbà ló tú àṣírí ìyókù. Láti Zanzibar, ọ̀nà ìlà-oòrùn ló yá jù. Ṣùgbọ́n Leopold Kejì, ọba Bẹ́ljíọ́mù, ni Stanley ń bá ṣiṣẹ́, Leopold sì ní Congo, tó wà lábẹ́ òun, ni wọn yóò gbà, nítorí ó fẹ́ kí ilẹ̀ òun níbẹ̀ nà dé odò Náílì. Ni wọ́n bá wọkọ̀ ní Zanzibar ní oṣù Kejì 1887, wọ́n yí gúúsù Áfíríkà po dé ẹnu odò Congo kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn. Eyín erin tí Emin kó jọ náà ń wọ̀ wọ́n lójú: Tippu Tip, tó ń ṣòwò eyín erin àti ẹrú, ṣèlérí 600 aláàárù, wọ́n sì fi í jẹ gómìnà Stanley Falls, lórí odò Congo.

Àwọn ará Zanzibar tó ru ẹrù ni gbogbo rẹ̀ já lé lórí. Bí 700 ènìyàn ni wọ́n gbéra. Nínú igbó Ituri, ebi, ibà àti ọfà olóró ń pa wọ́n. Àwọn tí Stanley fi sílẹ̀ sẹ́yìn ní àgọ́ Yambuya ń kú nítorí ẹ̀gẹ́ tí wọn kò rẹ dáadáa kí wọ́n tó jẹ ẹ́; àwa tí à ń ṣe gàrí mọ ohun tí oró ẹ̀gẹ́ lè ṣe. Àwọn tó padà délé kò tó ìdajì, ọ̀rọ̀ wọn ló sì ń dùn mí jù.

Ní oṣù Kẹrin 1888, Stanley àti Emin pàdé. Akísà ló wà lára àwọn olùdáǹdè. Emin ló fún wọn ní oúnjẹ àti aṣọ. Kò tilẹ̀ fẹ́ kúrò níbẹ̀, àfi ìgbà tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ dìtẹ̀ tí wọ́n tì í mọ́lé. Wọ́n dé Bagamoyo, ní etíkun ìlà-oòrùn Áfíríkà, ní oṣù Kejìlá 1889. Ní 1890, Emin tún padà sí àárín ilẹ̀ náà, Jámánì ló sì rán an.