Ibo Lẹ Fi Wáyà Dúdú Yẹn Há?

Òkú Raspberry Pi mẹ́ta, kọ̀ǹpútà kékeré orí bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo yẹn, ni wọ́n ti gbé wá bá mi láàárín oṣù méjì, ikú kan náà ló sì pa wọ́n. Ẹni tó gbé e wá á ní, "Ọ̀gá, mi ò ṣe é ní nǹkan kan o, oscilloscope USB ni mo kàn fi yẹ iná wò." Ẹ̀rọ tó ń ya bí iná ṣe ń lọ sókè sódò sójú skirínì ni oscilloscope; probe, ọ̀pá tí a fi ń kan ibi tí a fẹ́ wò, ló ní wáyà dúdú lára. Bí mo bá ti bi í pé, "Ibo lo fi wáyà dúdú ẹ̀ há?" ẹnu rẹ̀ á wọhò.

Mi ò ní jókòó ti ọ̀rọ̀ sọ́fítíwíà. Bí lsusb, àṣẹ tó ń to àwọn ẹ̀rọ USB, bá ti rí ẹ̀rọ náà, tí ẹ sì ti ṣètò udev rẹ̀, ìyẹn òfin tó ń fún yín láyè láti lò ó, OpenHantek tàbí PulseView, sọ́fítíwíà tó ń fi iná náà hàn, á ṣí. Ihò USB mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Pi 4 ló jọ ń pín amp 1.2, nítorí náà ẹ má ki hard drive mọ́ oscilloscope níbẹ̀. Ó tán.

Wáyà dúdú ni tèmi. Ẹ̀mú ẹlẹ́nu ọ̀nì tó wà lẹ́nu rẹ̀ yẹn, ẹ rò pé ó ń wo iná ni. Kò wo nǹkan kan! Nínú ọ̀pọ̀ oscilloscope USB, inú ẹ̀rọ ló gbà kọjá tààrà, ó gba okùn USB, ó sì wọ ground Pi yín, ìyẹn òdo fóltì rẹ̀, láìsí fíúsì kankan lọ́nà. Ibi tí ẹ bá fi há, ẹ ti so ibẹ̀ mọ́ ground nìyẹn. Ẹ fi há ẹsẹ̀ 5 fóltì, ẹ ti pa 5 fóltì pọ̀ mọ́ ground. Bí okùn HDMI bá tún so Pi náà mọ́ skirínì tó ní plug ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wáyà dúdú yín ti dé earth ilé, wáyà tó wọ inú ilẹ̀ lọ.

Àwọn kan á ní, "Mo ti yí probe sí ×10, tó ń dín iná kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá, kò léwu." Iná tó gba ṣóńṣó probe wọlé ni ×10 ń dín kù, kò kan wáyà dúdú rárá. Èyí tó ń bí mi nínú jù ni àwọn ayédèrú olùkọ́ tó ní kí ẹ gé ẹsẹ̀ earth kúrò lára plug. Ikú ni wọ́n ń kọ́ yín! Bí ẹ bá gé e, tàbí tí ẹ fi bátìrì gbé Pi, ó lè má bú gbàù mọ́ lóòótọ́, àmọ́ bí wáyà dúdú bá wà lápá iná ògiri, iná náà ti wà lára gbogbo irin Pi, ó ń dúró de ọwọ́ yín.

Ẹni kẹta nínú àwọn tó gbé òkú Pi wá ń tún ẹ̀rọ tó ń sọ iná ògiri di 12 fóltì ṣe. Ó rí àmì ìyọkúrò lára kàpásítọ̀ ńlá tó wà lápá ibi tí iná ògiri ń gbà wọlé, ó ní ground nìyẹn, ó fi ẹnu ọ̀nì há a. Ìró kan ṣoṣo ló gbọ́. Pi lọ, oscilloscope lọ, HDMI skirínì náà lọ.

Ọdún méjìlá ni mo ti ń fi oscilloscope ṣiṣẹ́, mi ò sì sun bọ́ọ̀dù ẹnikẹ́ni rí. Kí n tó há wáyà dúdú, mítà ni mo máa ń kọ́kọ́ mú: ẹsẹ̀ kan sí irin etí ihò USB, èkejì síbi tí mo fẹ́ há a, lórí AC, lẹ́yìn náà lórí DC. Bí iná bá wà láàárín wọn, mi ò há a. Apá iná ògiri ní tirẹ̀, probe differential, tó ń wo ìyàtọ̀ iná láàárín ibi méjì láì so ìkankan mọ́ ground, tí wọ́n ṣe fún irú iná bẹ́ẹ̀ nìkan ni mo ń gbé débẹ̀.

Mo fún ọmọkùnrin náà ní mítà, mo ní kó wọn ibi tó fi há a gan-an lára irú ẹ̀rọ kan náà. Ó lé ní 100 fóltì. Ó ní, "Ọ̀gá, àmì ìyọkúrò mà ni wọ́n kọ síbẹ̀!" Mo ní kó tún un wọ̀n. Ó tún lé ní 100.