Ooru Ara Rẹ̀ Ló Ń Pa Á, Kì Í Ṣe NEPA

Pátákó oníná tó ń kọ ọ̀rọ̀ á máa tàn dáadáa láàárọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní Fájuyì, Adó-Èkìtì. Tí oòrùn bá ti kan àtàrí, lẹ́tà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, á kú. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á tún jí. Wọ́n á ní NEPA ti bà á jẹ́, wọ́n á lọ ra stabilizer. Lọ́jọ́ kejì, lọ́sàn-án gangan, á tún kú.

Ẹ̀sùn yìí kò tọ́ sí NEPA. Adaptor irú pátákó kékeré bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gba ohunkóhun láàárín 100 sí 240 fólítì, 12 ló sì ń fi ránṣẹ́ sínú. Àfi tí àrá bá sán, iná tó ń lọ sókè sódò kì í dé ibi tí àìsàn wà. Régúlétọ̀ ló wà níbẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dúdú tí wọ́n kọ 7805 sí lára, tó ń sọ 12 di 5 fún àwọn ṣíìpù tó ń to lẹ́tà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí ẹni ṣẹ́ owó ló ṣe ń sọ ọ́ di 5. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló ń jó 7 tó kù. Ẹ wo ìyá oníyán tí wọ́n ń gbé iṣu 12 fún nígbàkigbà, tí odó rẹ̀ kò gbà ju 5 lọ. Méje tó kù, inú iná ló ń jù wọ́n sí. Bí oníbàárà ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni iṣu tó ń jóná ń pọ̀ sí i, tí ilé ìdáná ń gbóná, títí ìyá fúnra rẹ̀ kò fi ní rí èémí mí. Á gbé ọmọ odó sílẹ̀, á bọ́ síta lọ gba atẹ́gùn. Tí ara rẹ̀ bá tutù, á padà sídìí odó. Ohun tí régúlétọ̀ ń ṣe lọ́sàn-án nìyẹn: tí inú rẹ̀ bá ti gbóná tó nǹkan bí 150°C, á ti ara rẹ̀ pa kó má baà jóná. Ọgbọ́n ńlá ni wọ́n fi sí i. Àmọ́ ọgbọ́n yìí kan náà ló ń fi àìsàn pamọ́, torí nígbà tí oníṣẹ́ bá fi máa dé nírọ̀lẹ́, ara pátákó ti yá.

Ẹ ṣírò rẹ̀. Tí pátákó bá ń fa ìdajì áńpù, 2.5 wáàtì ló ń ṣiṣẹ́, 3.5 ló ń di ooru. Èyí tó ń ṣòfò ju èyí tó wúlò lọ. Láìsí irin tó ń fa ooru lẹ́yìn régúlétọ̀, wáàtì kan ṣoṣo lè fi nǹkan bí 65°C kún inú rẹ̀. Irin ọ̀hún sì rèé nínú páànù tí wọ́n fi sílíkóònù dí pa nítorí òjò, tó kọjú sí oòrùn oṣù Kẹta.

Ọ̀sán tó ń kú gan-an ni kí wọ́n tú u. Okùn dúdú mítà tí wọ́n fi ń wọn fólítì á wà ní ẹsẹ̀ àárín régúlétọ̀. Téèyàn bá kọjú sí ibi tí wọ́n kọ nǹkan sí, ẹsẹ̀ òsì á ka 12, ti ọ̀tún á ka 5. Tí 12 bá pé tí 5 kò sí, kí wọ́n kọ́kọ́ tú okùn tó lọ sí ṣíìpù, torí ṣíìpù tó ti ṣán lè máa fà á wálẹ̀. Tí ọ̀tún bá ń ka nǹkan bí 12, ó ṣeé ṣe kí ṣíìpù náà ti lọ.

Ohun tó ń bí ni nínú ni kí wọ́n kàn fi 7805 tuntun rọ́pò, kí wọ́n gbowó. Ìyá oníyán mìíràn ni wọ́n gbé sínú ilé ìdáná kan náà. Bọ́ọ̀dù kékeré tó ní LM2596 lára, tóun náà ń sọ 12 di 5, ni kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Kì í jó àjẹkù bíi ti 7805. Ó ń tan iná, ó ń pa á, nǹkan bí ìgbà 150,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kọ́ìlì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì tẹ́ ẹ dọ́gba. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún péré ló ń ṣòfò.

Kí wọ́n tó so ó mọ́ pátákó, kí wọ́n fún un ní 12, kí mítà wà lẹ́nu ìjáde rẹ̀, kí wọ́n sì máa yí skúrù idẹ orí àpótí búlúù kékeré náà. Ó lè yí lọ́pọ̀ ìgbà kí nọ́ńbà tó mira. Tó bá dúró sí 5.0, kí wọ́n kán kútẹ́ẹ̀sì lé skúrù kó má yí mọ́. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n lu ihò wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀ páànù, kí wọ́n ta nẹ́ẹ̀tì sí i kí ọmọńlé má baà wọlé. Tí oòrùn bá tún kan àtàrí, kí wọ́n ka ẹnu ìjáde náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó dé e.