Ìrìn Ọ̀fẹ́ nínú Baseball: Ìyà Ajubọ́ọ̀lù Ló Kọ́kọ́ Jẹ́

Bí ajubọ́ọ̀lù bá ju bọ́ọ̀lù burúkú mẹ́rin (ìyẹn èyí tí kò gba ibi tó yẹ, tí onígi ò sì gbìyànjú láti gbá) sí onígi nínú baseball, onígi á gbé igi rẹ̀ sílẹ̀, á rọra máa rìn lọ sí ibùdó kìíní. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dá a dúró. Walk làwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é. Nígbà tí eré náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò sóhun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ajubọ́ọ̀lù ni kó ju bọ́ọ̀lù síbi tí onígi á ti lè gbá a, káwọn tó wà ní pápá máa sá tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n àwọn ajubọ́ọ̀lù gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á máa jù ú sọ́tùn-ún sósì títí á fi sú onígi, táá sì gbá èyí tí kò yẹ kó gbá. Eré wá ń falẹ̀. Nígbà tó fi máa di sáà 1864, wọ́n ti fún rẹfirí láṣẹ pé kó kọ́kọ́ kìlọ̀. Bí ajubọ́ọ̀lù ò bá gbọ́, kó máa ka bọ́ọ̀lù burúkú sí i lọ́rùn. Bó bá pé mẹ́ta, onígi gba ibùdó kìíní.

Iye tó yẹ kí wọ́n kà ló wá dàríyànjiyàn. Mẹ́sàn-án ni ní 1879, mẹ́jọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì ń fà á síwá sẹ́yìn títí ó fi dúró sórí mẹ́rin ní 1889. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti 1887: wọ́n ní kí wọ́n máa ka walk mọ́ bọ́ọ̀lù tí onígi gbá! Ni ìwọ̀n bí Tip O'Neill, onígi St. Louis, ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù bá di .492, ìyẹn ìgbà 492 nínú 1,000. Ọdún kan péré ni òfin ọ̀hún lò. Nígbà tí wọ́n yọ walk kúrò, .435 ló kù fún un, ìyẹn náà kì í ṣe kékeré.

Babe Ruth, onígi tó lágbára gan-an, gba walk 170 ní 1923, ẹ̀rù rẹ̀ ló ń ba àwọn ajubọ́ọ̀lù. Eddie Yost ni onígi tèmi tí mo fẹ́ràn. Kò sẹ́ni tó ń sá fún igi rẹ̀, .231 péré ló gbá ní 1956, síbẹ̀ ó gba walk 151. Ojú rẹ̀ ló mú: bọ́ọ̀lù tí kò bá dáa, kò ní mira sí i. Àmọ́ ọdún 1984 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ìwọ̀n bí èèyàn ṣe ń dé ibùdó, èyí tó ń ka walk mọ́ ọn, di àkọsílẹ̀ àṣẹ.

Nígbà tó yá, ìyà náà di ibi ìsádi ajubọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀. Ní May 28, 1998, Arizona ń na San Francisco ní 8 sí 6, ó ku kí wọ́n lé onígi San Francisco kan péré jáde kí eré parí, àwọn ará San Francisco sì kún ibùdó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Barry Bonds, onígi San Francisco tí wọ́n ń bẹ̀rù, ló kàn. Buck Showalter, kóòṣì Arizona, ní kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fún un ní walk. Torí pé ibùdó ti kún, gbogbo wọn sún síwájú, àmì kan wọlé ọ̀fẹ́, ó di 8 sí 7. Brent Mayne tó tẹ̀ lé e gbá tiẹ̀, wọ́n hán an, Arizona borí.

Ní 2004, walk 232 ni Bonds gbà, 120 nínú rẹ̀ jẹ́ àmọ̀ọ́mọ̀ṣe. Láti 2017, wọn kì í tilẹ̀ ju bọ́ọ̀lù fún irú ìyẹn mọ́: kóòṣì á kàn na ọwọ́ sí rẹfirí, ó parí. Látìgbà Bonds, kò tíì sẹ́ni tó gba 150 ní sáà kan. Juan Soto ló sún mọ́ ọn jù, 145, ní 2021.