"Sorry": pẹ̀lẹ́ ni àbí ẹ má bínú?

Ẹnì kan fẹsẹ̀ kọ nínú bọ́ọ̀sì ní London, díẹ̀ ló kù kó ṣubú. Ọmọ Yorùbá tó jókòó nítòsí ní, "Sorry!" Òyìnbó náà yíjú sí i tìyanutìyanu: "It's not your fault." Pẹ̀lẹ́ ni ọmọ Yorùbá ń kí i. Ohun tí etí òyìnbó gbọ́ ni "ẹ má bínú, èmi ni mo fà á," ló bá ń sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Kò sí ẹni tó ṣi èdè sọ nínú àwọn méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni "sorry", kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣe. Bí ọkàn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ṣe rí ló ń sọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé "I am sorry", tí "I sorry" kò fi tọ̀nà. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, "sārig" ni wọ́n ń pè é, láti ara "sār", tó túmọ̀ sí ìrora. Gbòǹgbò kan náà ló bí "sore" tí wọ́n fi ń sọ pé ọ̀nà ọ̀fun ń dun èèyàn, "sore throat". Ẹni tó bá fi ojú lásán wò ó á rò pé ọmọ ìyá ni òun àti "sorrow", àmọ́ inú "sorg" ni "sorrow" ti jáde, ìdílé ọ̀tọ̀ ni. Ìjọra ló sún wọn mọ́ra bí ọdún ṣe ń gorí ọdún.

Tí a bá tú "I am sorry" dé ìdí, "ó dùn mí" ni. Kò sí "èmi ni mo ṣe é" nínú rẹ̀ rárá. Ẹ̀yìn ló wá yà sí méjì: ó dùn mí pé nǹkan báyìí bá ọ, àti ó dùn mí pé mo ṣe nǹkan báyìí sí ọ. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí "sorry" bá dá dúró láìsí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́yìn rẹ̀, ìkejì ni etí wọn kọ́kọ́ ń gbọ́.

Yorùbá ò da méjèèjì pọ̀ rí. Ẹni tí nǹkan ń dun ni "pẹ̀lẹ́" kọjú sí, ẹni yòówù kó fà á. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ gbá òkúta, ẹni tí ibà dá dúbúlẹ̀, ẹni tó ru ẹrù wúwo, gbogbo wọn là ń kí ní pẹ̀lẹ́. A tún ń fi kí ara wa lójú ọ̀nà láìsí ohun tó ṣe ẹnikẹ́ni. "Má bínú" ní tirẹ̀ kọjú sí ẹni tí a ṣẹ̀. Kò sọ bí inú ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ ṣe rí. Ó kàn ń rọ ẹnì kejì pé kó sọ ìbínú kalẹ̀ ni. Tí ọ̀rọ̀ bá wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, "foríjì mí" dé. Ẹni tó jàǹbá ọkọ̀ tó sì yọ, "ẹ kú ewu" ni tirẹ̀. Ẹni tí èèyàn kú fún, "ẹ kú ará fẹ́ra kù". Gbogbo ẹrù yìí la kó lé "sorry" lórí nígbà tí a ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀. Àṣìṣe kọ́. Bí wọ́n ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní Nàìjíríà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ní Gánà. Ó kàn jẹ́ pé wọn kì í gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ lókè òkun.

Ohun kan ṣì wà tí "sorry" ò ní: kò ní "ẹ". Pẹ̀lẹ́ fún ẹgbẹ́ ẹni, ẹ pẹ̀lẹ́ fún àgbà, àmọ́ "sorry" kan náà ni fún ọmọ ọdún márùn-ún àti fún ìyá àgbà. Ìdí tí a fi ń so "sà" àti "mà" mọ́ ọn nìyẹn. Ọmọ tó tẹ àgbà lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, tó wá sọ "sọ́rì" gbẹrẹfu láìtẹ orúnkún, ó ṣeé ṣe kí "sọ́rì" yẹn dun àgbà ju ẹsẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà bá jókòó sí nínú gbólóhùn tún ń yí i padà. "He is sorry": ó kábàámọ̀. "He is a sorry man": aláìníláárí ni, ẹni tí ìrísí rẹ̀ ń ṣeni láàánú. Tó bá ti wà níwájú ọ̀rọ̀ orúkọ báyìí, kò sí ẹ̀bẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́. "A sorry state" ni ipò tó burú jáì, "a sorry excuse" sì ni àwáwí tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ohun tó tẹ̀ lé e náà ṣe kókó. "Sorry for shouting" ń bẹ̀bẹ̀ fún ohun tó ti kọjá. "Sorry to disturb you" ń bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí èèyàn ń ṣe lọ́wọ́ tàbí tó fẹ́ ṣe, bíi kéèyàn kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ọ̀gá. "Sorry about the noise" nawọ́ sí nǹkan náà fúnra rẹ̀. "Sorry for late" tó wọ́pọ̀ lẹ́nu wa kò tọ̀nà, nítorí "late" kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ; "Sorry I'm late" ni. Èyí tó léwu jù ni kí "for" tẹ̀ lé e, kí èèyàn wá tẹ̀ lé "for". "I feel sorry for him" túmọ̀ sí pé ó ṣe mí láàánú. Sọ ọ́ sójú ẹni náà, "I feel sorry for you", ó ti di àbùkù. Torí náà, "I'm sorry for your loss" ni wọ́n ń sọ fún ẹni tí òkú kú fún: àdánù rẹ̀ ni a dárúkọ, kì í ṣe òun fúnra rẹ̀.

Tí ohùn bá gòkè níparí, "Sorry?", ìbéèrè ni: kí lẹ wí? Tí wọ́n bá sì sọ ọ́ láàárín ọ̀rọ̀, "on Tuesday, sorry, Wednesday", wọ́n kàn ń tún ẹnu ara wọn ṣe ni.

Ẹ̀ka méjì tí ọ̀rọ̀ yìí ní ti dé ilé ẹjọ́. Tí awakọ̀ bá kọlu èèyàn, tó sọ̀ kalẹ̀ tó ní "I'm sorry", ṣé ó ti gbà pé òun jẹ̀bi? Ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà ṣe òfin lórí rẹ̀ ní 1986. Ti California, abala 1160 nínú òfin ẹ̀rí wọn, la ọ̀rọ̀ náà sí méjì gan-an: ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn kò ṣeé lò láti fi dá èèyàn lẹ́bi, àmọ́ gbólóhùn tó bá gba ẹ̀bi ṣeé lò. Ká ní awakọ̀ náà sọ pé "I'm sorry you're hurt, I didn't see the red light." Ìdajì àkọ́kọ́ á dúró síta, ìdajì kejì á wọlé bí ẹ̀rí. Ní England àti Wales, abala kejì òfin Compensation Act ti 2006 sọ pé ẹ̀bẹ̀ nìkan kò tó láti sọ pé èèyàn gba àìbìkítà mọ́ra. Ọdún yẹn náà ni British Columbia ní Kánádà ṣe tirẹ̀, ó sì gbòòrò jù: ẹ̀bẹ̀ tó gba ẹ̀bi pàápàá wà lábẹ́ ààbò rẹ̀.

Ìjọba pẹ̀lú ti rí ibi sá sí nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin 2001, ọkọ̀ òfúrufú àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà àti ọkọ̀ ogun òfúrufú Ṣáínà kọlu ara wọn nítòsí erékùṣù Hainan. Awakọ̀ ti Ṣáínà, Wang Wei, bá a lọ. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà balẹ̀ sí Hainan, Ṣáínà sì mú èèyàn 24 inú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní àfi kí Amẹ́ríkà bẹ̀bẹ̀. Lẹ́tà tí aṣojú Amẹ́ríkà kọ ní ọjọ́ 11 lo "very sorry" lẹ́ẹ̀mejì: fún ikú awakọ̀ náà, àti fún bí ọkọ̀ wọn ṣe wọlé tó sì balẹ̀ láìgba àṣẹ lẹ́nu. Wọ́n tú àwọn èèyàn náà sílẹ̀. Beijing sọ fún àwọn ará ìlú rẹ̀ pé Amẹ́ríkà ti tọrọ àforíjì. Washington ní ìbánikẹ́dùn lásán ni.

Ní Ọsirélíà, inú ọ̀rọ̀ kan yìí ni ìjà wà. Ìjọba ibẹ̀ kó ọmọ àwọn ọmọ onílẹ̀, àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, kúrò lọ́dọ̀ òbí wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1999, ilé aṣòfin lábẹ́ John Howard, olórí ìjọba nígbà náà, gbà láti lo "regret", wọn ò dé ibi "sorry". Ọjọ́ 13 oṣù kejì 2008 ni Kevin Rudd, olórí ìjọba tó jẹ tẹ̀ lé e, tó wá sọ ọ́ jáde nínú ilé náà. Àwọn ọmọ onílẹ̀ yìí kan náà ń pe ètò ọ̀fọ̀ wọn ní "sorry business", èyí tó sún mọ́ pẹ̀lẹ́ tiwa ju bí òyìnbó ṣe ń lò ó lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀bẹ̀ jinlẹ̀, kó wo ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé "sorry" lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "I'm sorry I insulted you" ti gbé e sórí ara rẹ̀. "I'm sorry if you were offended" ń ṣiyèméjì bóyá nǹkan kan tiẹ̀ ṣẹlẹ̀. "I'm sorry you feel that way" ti gbé ẹrù náà padà sórí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Èmi ò tiẹ̀ kà á mọ́ ẹ̀bẹ̀.

Kí wá lèèyàn ó sọ nínú bọ́ọ̀sì London? "Are you all right?" ni wọ́n ń fi kí ẹni tó fẹsẹ̀ kọ. Fún ẹni tára rẹ̀ ò yá tàbí tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, "Sorry to hear that" dára, nítorí "to hear" yẹn ti fi hàn pé ìròyìn tó o gbọ́ ló dùn ọ́, ẹnikẹ́ni ò sì ní dá ọ lóhùn pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ.